Ọdẹ́níran ní Ìlú Àwọn Tí A Sọ Nù

Ẹ sún mọ́ mi dáadáa. Ẹ̀yin tí ẹ ń jẹ ẹ̀pà lẹ́yìn yẹn, ẹ dáwọ́ dúró díẹ̀, ariwo ẹnu yín ń wọ inú ọ̀rọ̀ mi. Òjò tó ń rọ̀ yìí kò ní dá bọ̀rọ̀. Oko kò ṣe é lọ, igbó kò ṣe é wọ̀, ẹni tó bá sì ní òun ń lọ sílé, ẹ jẹ́ kó máa lọ, omi á bá a fọ aṣọ rẹ̀. Èmi tí ẹ ń wò yìí ti dúró níwájú ẹfọ̀n tó fi ìwo ya ṣòkòtò mi, mo sì bi í léèrè pé ta ni yóò bá mi rán an. Ojú tì í, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ìtàn tòní kì í ṣe tèmi. Ti Ọdẹ́níran ni, ẹ̀gbọ́n ìyá mi, ọdẹ tó kọ́ mi ní ìbọn yínyìn. Bí mo bá ní ohun kan ṣẹlẹ̀, ó ṣẹlẹ̀. Ẹni tí kò bá gbà mí gbọ́, kí ó rántí pé àìrìnjìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́.

Ìlú kan wà tí wọ́n ń pè ní Afínjú. Ibẹ̀ ni Ọdẹ́níran ti gbéyàwó, ibẹ̀ náà ló sì ń gbé. Bí ẹ bá wọ ìlú náà láàárọ̀, funfun rẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́ yín lójú. Ògiri funfun, aṣọ funfun, àgbàlá tí wọ́n gbá títí tí adìẹ kò fi rí ohun kan ṣà jẹ níbẹ̀. Oúnjẹ wọn náà funfun. Bí wọ́n bá fẹ́ ṣe ògì, wọ́n á sẹ́ ẹ, wọ́n á tún un sẹ́, wọ́n á tún fi aṣọ tó fẹ́lẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ sẹ́ ẹ, títí ohun tó kù nínú igbá á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ omi lásán. Ẹ̀wà kò gbọdọ̀ bá èèpo rẹ̀ wọ ìkòkò. Epo pupa, wọ́n á yọ ọ́ lórí iná títí àwọ̀ rẹ̀ á fi sá. Gbogbo ohun tí wọ́n bá bó, gbogbo ohun tí wọ́n bá sẹ́, gbogbo ohun tí wọ́n bá fún tí wọ́n gba omi inú rẹ̀, wọ́n á kó o jáde ní ẹ̀yìn odi, wọ́n á sì dà á sínú igbó kan tí ọmọ Afínjú kì í fẹsẹ̀ tẹ̀. Igbó Ìyàngbò ni orúkọ rẹ̀.

Ẹ má rò pé ìmọ́tótó lásán ni. Òfin ni. Yèyé Túnlúṣe, obìnrin tó tẹ ìlú náà dó, ló fi í lélẹ̀ ní ọjọ́ tó ń kú lọ. Wọ́n ní ó ti darúgbó gidigidi, ó pe àwọn ọmọ rẹ̀ sídìí ẹní, ó ní, “Ẹ máa sọ èérí nù.” Ó tún un wí lẹ́ẹ̀kan sí i, ó sì dákẹ́. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti fi ìjòyè kan ṣọ́ òfin náà. Balógun Ìgbálẹ̀ ni oyè rẹ̀, Ládépò sì ni orúkọ ẹni tó wà lórí oyè nígbà tí mò ń wí yìí, bàbá onírùngbọ̀n gígùn kan tí aṣọ rẹ̀ kì í ní àbàwọ́n.

Ìlú mọ́, àìsàn kò sì fi ìlú sílẹ̀. Erìgì àwọn èèyàn ń ṣẹ̀jẹ̀. Orúnkún ọmọdé kò lágbára. Èyí tó wá burú jù ni ti ojú. Bí oòrùn bá ti ń wọ̀, àwọn ọmọ kan á máa fi ọwọ́ wá ògiri kí wọ́n tó lè rìn. Àwọn àgbà ní èérí ló wà nínú wọn tó bo ojú wọn. Nítorí náà, ní ìrọ̀lẹ́ Ọdún Ìgbálú, wọ́n á to àwọn ọmọ síwájú Balógun Ìgbálẹ̀, òun á na ohun kan sí wọn, ọmọ tí kò bá rí i, wọ́n á mú un lọ sí abà kan lẹ́yìn odi, kí èérí rẹ̀ má baà ran ọmọ ẹlòmíràn. Wọ́n á máa gbé oúnjẹ síwájú abà fún un. Ṣùgbọ́n ọmọ tó bá ti lọ kì í padà wọ ìlú.

Ọdẹ́níran àti ìyàwó rẹ̀, Àwẹ̀ró, bí ọmọbìnrin kan ṣoṣo, Àyọ̀ká. Ọmọ náà yá mọ́ni, ó sì mọ ìwà hù. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan Ọdẹ́níran ti oko ọdẹ dé, ó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, Àyọ̀ká gbé omi jáde fún un. Ó kúnlẹ̀, ó gbé igbá omi náà sókè, ó ní, “Bàbá, ẹ kú àbọ̀, ẹ gba omi.” Òpó ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló kúnlẹ̀ fún. Àwẹ̀ró tó dúró lẹ́nu ọ̀nà fi ọwọ́ bo ẹnu rẹ̀. Ọdẹ́níran dìde, ó rìn lọ síwájú òpó náà ní kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, ó gba omi, ó mu ún, ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀. Ọdún Ìgbálú kò jìnnà mọ́.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì ó lọ bá Balógun Ìgbálẹ̀ nílé, ó dọ̀bálẹ̀, ó bẹ̀ ẹ́ pé kí ó fi ojú fo ọmọ òun. Balógun kì í ṣe ìkà èèyàn. Ó gbé e dìde, ó sì sọ fún un pé ní ọdún tó kọjá, òun fi ọwọ́ ara òun mú ọmọ ọmọ òun, Oyèlámí, lọ sí abà náà, òun kò sì tíì sùn dáadáa láti ìgbà náà. Ó ní ẹni tó ṣe òfin nìkan ló lè tú u. Wọ́n sì ń sọ pé Yèyé Túnlúṣe kò lọ sọ́run tààrà, pé inú Igbó Ìyàngbò ló gbà lọ, pé ibẹ̀ ló ń gbé títí di òní. Ó ní kò sí ọmọ Afínjú tó láyà láti wá a débẹ̀.

Ìyẹn tó fún ẹ̀gbọ́n ìyá mi. Ó gbé ìbọn, ó gbé àpò ọdẹ, ó wọ gbérí ọdẹ rẹ̀. Àwẹ̀ró sìn ín dé ẹnu odi, ó ní, “Bàbá Àyọ̀ká, bí ẹ bá rí i, ẹ má bá a jà o. Ọmọ là ń wá, a ò wá orúkọ.”

Mo mọ òwe tó wà lẹ́nu yín, ẹ̀yin tí ẹ ń mi orí yẹn. Ti Sókótó àti ti ṣòkòtò. Ẹ gbé e mì. Ìtàn kò tíì dé ibẹ̀.

Bí Ọdẹ́níran ti wọ Igbó Ìyàngbò, ilẹ̀ ń rì lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, nítorí kì í ṣe ilẹ̀. Èèpo àtọdúnmọ́dún ni. Kò rìn jìnnà tí ohun kan fi dìde níwájú rẹ̀. Ó ga, ó yí roboto, ara rẹ̀ pọ́n, ó sì kún fún ihò wẹ́wẹ́, ṣùgbọ́n kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Òfìfo ló dìde dúró, aṣọ tí kò lẹ́ni nínú. Iwin náà ní orúkọ òun ni Ọ̀tàlójú, òun sì ni oníbodè. Ọdẹ́níran gbé ìbọn sójú. Ó yìnbọn. Ọta wọ iwájú, ó gba ẹ̀yìn jáde, Ọ̀tàlójú kò tilẹ̀ wúkọ́. Ọdẹ́níran bá fa ọfọ̀ yọ, ọfọ̀ tó ń sọ eegun di omi. Iwin náà tẹ́tí sí i dé ìparí, ó ní ó dùn mọ́ òun púpọ̀, ṣùgbọ́n òun kò ní eegun. Ó bá fi ìka méjì fún èjìká ara rẹ̀, oje kan sì ta jáde bọ́ sí ojú ọdẹ wa. Ẹ̀yin tí ẹ ti bó ọsàn rí, ẹ mọ̀ ọ́n. Ẹ wá ro ti ọsàn tó ga tó ilé.

Nígbà tí Ọdẹ́níran ń fi ọwọ́ nu ojú, iwin náà pa àlọ́ fún un. “Ìyá gbé ọmọ pọ̀n. Oòrùn pa ìyá, òjò pa ìyá, kòkòrò bu ìyá jẹ, ọmọ kò mọ̀. Ọjọ́ tí ọmọ gbó tó dùn, wọ́n fi ọwọ́ kan jẹ ọmọ, wọ́n fi ọwọ́ kejì ju ìyá sínú igbó. Ta ni ìyá?”

Ọdẹ́níran dáhùn bí wọ́n ti kọ́ ọ ní Afínjú, ó ní, “Èérí ni.” Oje tún bá a lójú, èyí tó ta ju ti àkọ́kọ́ lọ. Omi ń dà lójú rẹ̀, kò rí ọ̀nà, kò rí ìbọn. Nínú òkùnkùn ojú yẹn ló ti rántí ọmọ rẹ̀ tó kúnlẹ̀ fún òpó, ó sì rántí Àwẹ̀ró tó pọn ọmọ náà lọ sódò, lọ sóko, lójò, lẹ́ẹ̀rùn. Ó kúnlẹ̀. Ó ní, “Èèpo ni. Ẹ jọ̀ọ́, ìyá wa, mo ti jù yín nù láìmọye ìgbà.” Ọ̀tàlójú sún kúrò lójú ọ̀nà. Ó ní kò tíì sí ẹni tó pe òun ní ìyá rí, kí ó máa lọ.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ó dé etí odò kan. Odò náà kò ní omi. Èèpo ẹ̀gúsí ló kún un láti etí dé etí, ó ń ṣàn, ó ń ṣe ṣàràṣàrà. Bàbá arúgbó kan jókòó ní òdìkejì, aṣọ ọrùn rẹ̀ jẹ́ háhá àgbàdo láti òkè dé ilẹ̀. Bàbá Háhá ni wọ́n ń pè é. Ó nahùn sí Ọdẹ́níran pé odò yìí kì í gbé ohun iyebíye, ohun tí a bá ti sọ nù nìkan ló ń léfòó lórí rẹ̀, nítorí náà kí ó ro ara rẹ̀ wò kó tó wọ̀ ọ́. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi rò ó. Ó rò ó tán, ó wọ odò, ó sì ń ki ara rẹ̀: òun ọmọ apẹfọ̀n, òun ọmọ arìnrìn-òru-má-kọsẹ̀. Ó rì dé orúnkún. Ó ki ìyókù, ó rì dé àyà. Ìdílé wa kì í tètè dákẹ́, ẹ̀yin náà ń rí i lára mi. Nígbà tí èèpo ẹ̀gúsí dé àgbọ̀n rẹ̀, ó mọ̀ pé oríkì kò ní gbé òun kọjá.

Ó bá sọ òótọ́ tí kò sọ fún ìyàwó rẹ̀. Ó ní, “Mo yìnbọn lu kùkùté, mo pè é ní ẹtu. Ojú èmi náà ń lọ. Ọmọ mi kò ríran ní ìrọ̀lẹ́ mọ́, wọ́n sì fẹ́ sọ ọ́ nù.” Bí ó ti fẹnu kan sísọ nù yìí, odò gbé e sókè, ó sì gbé e lọ sí etí kejì ní jẹ́jẹ́. Bàbá Háhá fa ọwọ́ rẹ̀ gòkè. Kò fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní ebi á ti máa pa á, kí ó jẹ́ kí àwọn lọ sílé.

Ìlú tí wọ́n wọ̀ nìyẹn, Ìlú Àwọn Tí A Sọ Nù. Gbogbo ohun tí Afínjú ti bó dànù láti ọjọ́ tó ti dáyé ló di èèyàn níbẹ̀. Èèpo iṣu ń tajà, pòròpórò ọkà bàbà ń hun ẹní, ihá ẹyìn, èyí tó máa ń kù lẹ́yìn tí a bá fún epo tán, ń jókòó sí ìta pẹ̀lú ara pupa tó ń dán. Kò sí ẹni tó rù. Kò sí ẹni tó ń fi ọwọ́ wá ògiri. Ọdẹ́níran wò wọ́n, ó ro ti àwọn ọmọ ìlú rẹ̀, inú sì bí i láìmọ ẹni tí inú ń bí i sí.

Bàbá Háhá gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀. Ẹ ti gbọ́ òwe pé bí wọ́n bá ń gúnyán nínú ewé, tí wọ́n ń sebẹ̀ nínú èèpo ẹ̀pà, ẹni tí yóò yó á yó. Ẹ̀yin ń pa á lówe. Ọdẹ́níran rí i. Nínú èèpo ẹ̀pà ni wọ́n ti se ọbẹ̀ ọ̀hún, ó ń hó kùtùkùtù. Omi ihá ẹyìn tí wọ́n tún fún lẹ́ẹ̀kejì ni wọ́n fi dá a, ó pupa fòò. Èèpo ọsàn tí wọ́n sá gbẹ tí wọ́n sì lọ̀ kúnná ni wọ́n bù wọ́n ọn. Ẹ̀wà wà níbẹ̀ tòun tèèpo. Ẹ̀kọ tí wọ́n gbé tì í kò funfun rárá, eèrí rẹ̀, èyí tó máa ń kù nínú asẹ́, wà nínú rẹ̀ gbogbo, nítorí wọn kò sẹ́ ẹ. Ọdẹ́níran wo oúnjẹ náà. Ará Afínjú kì í jẹ nǹkan báyìí. Bí ó bá jẹ ẹ́ nílé, wọ́n á fi ìgbálẹ̀ lé e jáde. Ó gbé òkèlè kan, ó gbé e sílẹ̀. Ó tún gbé e. Ó pa ojú dé, ó pe orúkọ ọmọ rẹ̀, ó sì gbé e mì. Ó korò díẹ̀. Ó gbé èkejì, ó rí i pé ó ní adùn lábẹ́ ìkorò náà. Kó tó mọ̀, ó ti ń fi ìka nu ìsàlẹ̀ èèpo ẹ̀pà.

Wọn kò jẹ́ kí ó rí Yèyé lójú ẹsẹ̀. Wọ́n ní ojú tó fi ń wò kò tíì tó láti wò ó. Ó bá jókòó tì wọ́n, ó ń jẹ ohun tí wọ́n ń jẹ. Erìgì rẹ̀ ò ṣẹ̀jẹ̀ mọ́. Nígbà tó yá, ní ìrọ̀lẹ́ kan tí oòrùn ti wọ̀ tán, ó jókòó síwájú ilé Bàbá Háhá, ó sì rí ẹtà kan nínú koríko lọ́hùn-ún. Kì í ṣe ara rẹ̀ ló kọ́kọ́ rí. Etí rẹ̀ tó mì ló rí. Ọdẹ́níran kò gbé ìbọn. Ó kàn jókòó, ó ń wo etí ẹtà, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀. Èmi náà jẹ́ ọdẹ, mo sì mọ ohun tó jẹ́ fún un.

Ọjọ́ kejì ni wọ́n mú un dé ọ̀dọ̀ Yèyé Túnlúṣe. Arúgbó náà jókòó lórí òkìtì eèrí, ara rẹ̀ le, ẹnu rẹ̀ sì kún fún eyín, ọmọ àgbàdo ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ọdẹ́níran dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Yèyé kí i, ó bi í pé kí ni àwọn ọmọ òun ń sọ pé òun wí ní ọjọ́ tí òun ń kú.

Ó ní, “Yèyé, ẹ ní, ‘Ẹ máa sọ èérí nù.’”

Yèyé wò ó. Ó bú sẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, nígbà tó sì yá, a kò mọ̀ bóyá ẹ̀rín ni mọ́. Ó ní, “Ẹnu mi kò ní eyín kan ní ọjọ́ náà, èémí mi sì ti ń já. ‘Ẹ má sọ eèrí nù’ ni mo wí. Mo wí i lẹ́ẹ̀mejì.”

Ẹ̀yin tí ẹ jókòó síbí, ẹ fi ẹnu yín gbé e wò. Ẹ máa sọ èérí nù. Ẹ má sọ eèrí nù. Ẹ gbé ohùn sókè níbi tó yẹ kí ẹ gbé e sílẹ̀, ẹ fa ọ̀rọ̀ kékeré kan gùn, odindi ìlú á sì fọ́jú. Àwọn ọmọ rẹ̀ sunkún sétí ara wọn lọ́jọ́ náà, wọ́n mú ohun tí wọ́n gbọ́, wọ́n fi í ṣe òfin.

Yèyé sọ fún un pé nígbà tí òun ń tẹ ìlú náà dó, ìyàn kan mú, wọ́n sì fi eèrí àti èèpo àti ihá gbé ọmọ wọn ró. Ní ọdún ìyàn yẹn kò sí ọmọ kan tó kọsẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Òun kíyè sí i, ohun tí òun sì fẹ́ kí wọ́n rántí nìyẹn. Ọdẹ́níran bẹ̀ ẹ́ pé kí ó fún òun ní oògùn ojú. Yèyé ní òun kò ní oògùn, oúnjẹ ni òun ní. Ó ní kí wọ́n fọ èèpo ọsàn mọ́ kí wọ́n tó bó o, kí wọ́n sá a, kí wọ́n lọ̀ ọ́, kí wọ́n bu díẹ̀ sí ẹ̀kọ ọmọ, díẹ̀ o, nítorí ó korò. Kí wọ́n tún ihá fún sínú ọbẹ̀, kí wọ́n sì má yọ àwọ̀ epo dànù. Kí wọ́n jẹ́ kí eèrí bá ògì gbé. Ọdẹ́níran bi í pé ṣé èyí tó ti wà nínú igbó ni kí àwọn kó padà. Yèyé bínú díẹ̀.

“Ta ló ní kí ẹ jẹ àkìtàn? Inú awo tó mọ́ ni kí ẹ ti gbà á. Ìgbà tí ẹ bá jù ú nù ló di èérí.”

Ó wá kìlọ̀ fún un nípa ọ̀nà ilé. Iwin kan wà níbẹ̀, Àyípohùn, tó máa ń gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu èèyàn, tó máa ń yí ohùn rẹ̀ po, tó sì máa ń dá a padà. Bí Ọdẹ́níran ti ń lọ, ó ń pe ọ̀rọ̀ Yèyé, Àyípohùn bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ọdẹ́níran ní eèrí, òun ní èérí. Ọdẹ́níran ní má, òun ní máa. Ó ń pè é pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tó ń ran arúgbó lọ́wọ́. Láìpẹ́ Ọdẹ́níran kò mọ èyí tó jẹ́ ti Yèyé mọ́. Bí ó bá sì gbé ọ̀rọ̀ òdì délé, ọmọ rẹ̀ lọ nìyẹn. Ó dúró. Ó pa ẹnu dé. Ó rántí eyín Yèyé àti bí ètè rẹ̀ ti ṣí, ó sì ká ètè tirẹ̀ jọ, ó fi súfèé gbé ohùn náà bí ọdẹ ti máa ń pe ara wọn nínú igbó. Súfèé kò ní ọ̀rọ̀, ohùn nìkan ló ní. Àyípohùn kò rí ibi tí yóò dì mú. Ó tẹ̀ lé e díẹ̀, ó rẹ̀ ẹ́, ó padà. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi fi súfèé rìn dé ẹnu odi Afínjú, ètè rẹ̀ sì wú.

Ìlú péjọ, ó sọ ohun tó rí. Àwọn kan rẹ́rìn-ín, àwọn kan tutọ́. Wọ́n ní ọkọ ìyàwó àjèjì fẹ́ fi èérí bọ́ wọn. Balógun Ìgbálẹ̀ bi í pé ta ni ẹlẹ́rìí rẹ̀. Kò ní ẹlẹ́rìí. Wọ́n dá a lẹ́jọ́ pé kò gbọdọ̀ mú irú nǹkan bẹ́ẹ̀ wọ inú odi, ṣùgbọ́n ohun tó bá ń ṣe lẹ́yìn odi títí di ọjọ́ ọdún, òun ló mọ̀.

Ó dá iná sí ẹ̀yìn odi. Àwẹ̀ró bá a sá èèpo, ó lọ̀ ọ́, ó sẹ́ ògì lẹ́ẹ̀kan péré, ó sì tún bu eèrí padà sínú rẹ̀. Òun ló kọ́kọ́ tọ́ ọ wò. Ó ní bí yóò bá pa èèyàn, kí ó pa òun ṣáájú ọmọ. Àyọ̀ká jẹ, ó yínmú, ó ní ó korò, ìyá rẹ̀ dín in kù, ó sì jẹ. Ìrọ̀lẹ́ dé, ọmọ tún fi ọwọ́ wá ògiri. Ìrọ̀lẹ́ mìíràn dé, bákan náà. Ojú Àwẹ̀ró ń rù, Ọdẹ́níran kò sì ní ọ̀rọ̀ ìtùnú mọ́ ju pé ojú tó pẹ́ kó tó lọ, kò ní padà lọ́sàn-án kan. Àwọn ará ìlú ń wá dúró wò wọ́n lókèèrè. Nígbà tó ṣe, àwọn kan ń padà wá pẹ̀lú awo lábẹ́ aṣọ, wọ́n á ní àwọn kàn ń kọjá lọ ni. Àwẹ̀ró á bù fún wọn, kò sì ní bi ẹnikẹ́ni pé níbo ló ń lọ.

Ọdún Ìgbálú pé. Oòrùn wọ̀, ojú ọ̀run ṣú díẹ̀díẹ̀, wọ́n to àwọn ọmọ síta. Nígbà tó kan Àyọ̀ká, ìyá rẹ̀ kò lè wò ó, ó kọjú sí ògiri. Ọdẹ́níran ń wò. Balógun Ìgbálẹ̀ na ọwọ́ sí ọmọ náà, ó bi í pé kí ló wà níbẹ̀. Àyọ̀ká wo ọwọ́ náà. Ó gbé ojú sókè wo ojú Balógun, ó sì wò ó pẹ́.

Ó ní, “Ìyẹ́ lékeléke ló wà lọ́wọ́ yín, Bàbá. Eèrí sì wà ní irùngbọ̀n yín.”

Ìjòyè kan bínú dìde, ó ní ṣé Balógun Ìgbálẹ̀ ni ọmọ yìí ń sọ pé ó ní èérí lára. Àyọ̀ká kúnlẹ̀. Ó tún un pè ní jẹ́jẹ́, ó gbé ohùn náà síbi tí bàbá rẹ̀ gbé e sí, ó ní kì í ṣe èérí, eèrí ni, ti ògì, irú èyí tí ìyá òun ń sè.

Balógun fi ọwọ́ kan irùngbọ̀n rẹ̀. Ó rí i. Kò gbọn ọ́n dànù. Ó mú un wò, ó fi í sẹ́nu, ó jẹ ẹ́ níwájú gbogbo ìlú. Ó ní lóòótọ́ ni, láàárọ̀ ọjọ́ náà ni òun rán ẹnì kan lọ gba awo kan lọ́wọ́ Àwẹ̀ró, gẹ́gẹ́ bí òun ti ń ṣe láti ọjọ́ mélòó kan, nítorí òun ń fẹ́ kí ọ̀rọ̀ ọdẹ yìí jẹ́ òótọ́ ju bí òun ti ń fẹ́ oyè òun lọ. Àwẹ̀ró yí ojú kúrò lára ògiri. Ó gbá ọmọ rẹ̀ mọ́ra, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún, ó ń sọ ohun tí kò yé ẹnì kan. Ọdẹ́níran jókòó sílẹ̀ lásán. Ẹrù tó ti ń rù láti ìgbà tí ọmọ rẹ̀ kúnlẹ̀ fún òpó bọ́ sílẹ̀ lórí rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n máa fi wá Balógun, kò sí níbẹ̀ mọ́. Ó ti gbé awo ẹ̀kọ, ó ti gba ẹnu odi jáde, ó ń sáré pẹ̀lú aṣọ funfun rẹ̀ nínú ẹrọ̀fọ̀. Ìlú tẹ̀ lé e. Ó dé abà, ó ṣí ilẹ̀kùn, àwọn ọmọ inú rẹ̀ sì kọjú sí ìró ẹsẹ̀ rẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn nawọ́ síwájú, ó ní, “Ta nìyẹn?”

“Oyèlámí, bàbá bàbá rẹ ni. Jẹun kí a máa lọ sílé.”

Ibi tí ẹ̀gbọ́n ìyá mi bá ọ̀rọ̀ náà dé nìyẹn. Bí mo ti gbà á lẹ́nu rẹ̀ ni mo ti sọ ọ́ fún yín, àfi ti ẹfọ̀n nìkan ló jẹ́ tèmi.